Bí A Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà ní "Bí Bẹ́ẹ̀ Kọ́"

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ kọ èdè Yorùbá fún iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa ní yunifásítì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó wà lórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ti bọ́ agbádá, ó ku bùbá. Ó wò mí. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí o ti kọ̀ ọ́."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Màmá mi tó wà ní kíṣìnì ló bú sẹ́rìn-ín. Ó fi Hausa ṣàlàyé fún mi pé bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ kọ nǹkan, ó lè jẹ́ kíkọ sínú ìwé, ó sì lè jẹ́ kíkọ̀ sílẹ̀ bí obìnrin ṣe ń kọ ọkọ. Èmi sọ ti ìwé, bàbá mi mọ̀ọ́mọ̀ gbọ́ ti ọkọ. Mo ní "To," ìyẹn "ó dáa" ní Hausa, mo sì wọ yàrá lọ.

Kò parọ́ mọ́ mi. Minna ni wọ́n bí mi sí, ní Dutsen Kura. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ ìjọba níbí títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì máa ń ka Bíbélì Yorùbá sókè fún ìjọ Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ. Bí ó bá ń kàwé, kò sí àmì ohùn kan tí yóò fò kọjá. Èmi ọmọ rẹ̀, Hausa ni mo fi bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, òun ni mo fi ń bá Màmá tajà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Shango, àdúgbò kan ní Minna, òun náà ni mo sì fi ń lálàá. Bàbá mi á bá mi sọ Yorùbá, èmi á fi Hausa dá a lóhùn. A kò jà rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kì í gùn. Oúnjẹ ti délẹ̀. Iná ti dé. Ó dàárọ̀, Dádì. Ibẹ̀ ló máa ń parí sí.

Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, ti kíláàsì kan ni tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lóye ohun tí a bá kọ fún un. Olùkọ́ wa, ọkùnrin Gbagyi kan tí kì í pariwo, ní kọ̀ǹpútà kò ríran bí ènìyàn. Bí a bá kọ ìlà kan fún un, lẹ́tà tó tò tẹ̀lé ara wọn lásán ló ń rí. Ó ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì mọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́: èyí jẹ́ nọ́ńbà, èyí jẹ́ àṣẹ, èyí jẹ́ orúkọ tí a sọ nǹkan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tókìn. Ohun tí a fi ń ṣà á ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní rẹ́jẹ̀sì: àmì kúkúrú tí a fi ń júwe ìrísí ọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ [0-9]+, ohun tí mo ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé, "Nọ́ńbà èyíkéyìí láti òdo dé ẹ̀sán, ẹyọ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wọn pọ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n."

Olùkọ́ náà ní kí a lọ ní méjì-méjì, kí ẹni méjì kọ̀ọ̀kan ṣe èdè kékeré kan àti ohun tí yóò ṣa tókìn rẹ̀. Ó fi kún un pé òun kò ní gba èdè tó bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àṣẹ, nítorí òun mọ̀ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ó ti lọ jí i kó.

Ẹnìkejì mi ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Nupe kan tí ilé wọn wà ní Fadikpe. Ó ní gbogbo kíláàsì ló máa sáré lọ gba Hausa, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó wá yíjú sí mi. "Ke, ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣebí Yorùbá ni ẹ́. Yorùbá la máa ṣe." Ojú tì mí láti sọ fún un pé kò sí ohun tí mo lè kọ ní Yorùbá ju orúkọ mi lọ, òun náà láìfi àmì sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sọ́dọ̀ bàbá mi lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Àìkú yẹn, tí mo gbé bébà sí iwájú rẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a fẹ́ fi ṣe àṣẹ sí i: bi, bibeeko, titi, je, ko. Ó wọ dígí rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní kí n jókòó.

Ó bi mí pé, "Ko èwo?"

Mo ní èyí tó túmọ̀ sí pé kí kọ̀ǹpútà gbé nǹkan jáde sójú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ síta. Ó ní ohun tí òun rí níbẹ̀ lè jẹ́ kó, bí ẹní ń kó ẹrù. Ó lè jẹ́ kò, bí ẹní ń pàdé ẹnìkan lọ́nà. Ó lè jẹ́ kọ́, ó lè jẹ́ kọ̀. Ó wá bọ́ sórí je, tí èmi fẹ́ fi sọ pé nǹkan kan jẹ́ iye kan, ó ní ṣé kọ̀ǹpútà mi fẹ́ jẹun ni. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ń fi àmì sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pe ohùn kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fà á, ó sì ní kí n máa pè é tẹ̀lé òun. Kò tíì sí ìgbà kankan rí tí a jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Orí bibeeko la ti forí gbárí. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, bí, bẹ́ẹ̀, kọ́, pé ta ló ní kí n so wọ́n pọ̀. Mo ṣàlàyé pé àṣẹ kan ṣoṣo ni lójú kọ̀ǹpútà. Bí ohun kan bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe èyí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe ìyẹn. Mo ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan.

"Ènìyàn mẹ́ta kì í wọ ṣòkòtò kan," ni bàbá mi wí. Ó dá bébà náà padà fún mi. Ó ní kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ni èdè.

Mo gbé e lọ sí Fadikpe bẹ́ẹ̀. A kò dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sí, a so wọ́n pọ̀: bíbẹ́ẹ̀kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a ti fi àmì sí i.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ rẹ́jẹ̀sì àkọ́kọ́. Fún orúkọ, ó kọ [a-z]+ bí ìwé ṣe wí, ìyẹn lẹ́tà èyíkéyìí láti a dé z. A tẹ ọjọ́ sí i láti dán an wò. Kọ̀ǹpútà gbé j jáde, ó ní òun kò mọ èyí tó kù. A tẹ ọ̀rọ̀, ó mú r. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń jẹ ẹja, tó da ẹran nù, tó mú eegun. Nígbà náà la rí i pé nínú ìrònú àwọn tó ṣe àtòjọ a dé z náà, kò sí lẹ́tà kankan lóde ayé yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwa kún un, ẹ, ọ, ṣ, àti àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Àkámọ́ náà gùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nígbà tí a tún tẹ ọjọ́, ọjọ́ ló gbé jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo kọ́ ọ, mo sì gbọ́ ara mi tí mò ń fa ohùn bíi bàbá mi.

Èyí tó tẹ̀lé e tún gba ọjọ́ mélòó kan lọ́wọ́ wa. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ bíbẹ́ẹ̀kọ́, bí nìkan ni kọ̀ǹpútà ń mú, á wá sọ pé bẹ́ẹ̀kọ́ jẹ́ orúkọ nǹkan. Ó dà bí ọmọ tí a ń rán níṣẹ́ tó ti sáré jáde kí a tó parí ọ̀rọ̀. A rí i nígbẹ̀yìn pé àwa la fa á. Nínú rẹ́jẹ̀sì wa, bí la kọ́kọ́ tò, kọ̀ǹpútà sì ń mú èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu, kò dúró wo èyí tó gùn jù. A gbé èyí tó gùn síwájú, a sì tún fi kún un pé "bí" kò ní jẹ́ àṣẹ mọ́ tí lẹ́tà míràn bá tẹ̀lé e láìsí àlàfo. Láti ìgbà náà ni a ti lè sọ nǹkan ní bíríkì láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà gé e lórí.

Níbi tí a ti ń yọ̀ lórí ìyẹn ni ọ̀rẹ́ mi ti tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé àlàfo pẹ̀lú jẹ́ ohun tí a lè júwe fún kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń júwe lẹ́tà. Kò sí òfin tó ní tókìn kan kò gbọ́dọ̀ ní àlàfo nínú. A lè kọ ọ́ pé: bí, lẹ́yìn náà àlàfo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀, àlàfo, kọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, tókìn kan. Ó ní, "Wallahi, Baba ló jàre."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ bá bàbá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́, kọ̀ǹpútà sì gbà á ní ẹyọ kan. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo ti àlàfo sí àárín rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó ṣì gbà á. Kò yìn mí, kì í ṣe ẹni tó ń yin ènìyàn lójú. Ó kàn pe Màmá pé kó wá wò ó. Màmá wò ó, kò rí ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, ó ní, "Madalla," bí Hausa ṣe ń sọ pé ó káre, ó padà sídìí ìkòkò.

Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti di ọmọ iṣẹ́ náà. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, á ti máa dúró dè mí, á béèrè ibi tí a dé. Èmi náà kò lè fi Hausa ṣàlàyé fún un mọ́, torí pé orí Yorùbá fúnra rẹ̀ la wà. Mo ń kọsẹ̀, ó ń gbé mi dìde. Òun ló béèrè ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe bí ẹnìkan bá kọ àṣẹ láìfi àmì sí i, bí èmi ṣe ṣe lọ́jọ́sí. Mo ní yóò rò pé orúkọ ni. Ó mi orí. Ó ní ìyẹn kò dáa, pé ẹni náà kò ní mọ ibi tí òun ti ṣìnà. "Má jẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó bi í." Nítorí náà a ṣe ẹ̀ka kan sí i nínú rẹ́jẹ̀sì wa, fún ọ̀rọ̀ tó bá jọ àṣẹ ṣùgbọ́n tí àmì rẹ̀ kò pé. Bí kọ̀ǹpútà bá rí irú rẹ̀, yóò dúró, yóò sì béèrè.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa fi iṣẹ́ náà han olùkọ́, bàbá mi ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun dán an wò. Ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó kọ ìlà mélòó kan, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Ó fara balẹ̀ fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Mo kó o sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ní bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ní jẹ́, kò mọ̀ ọ́n.

Mo gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, mo wò ó títí, kò sí ìyàtọ̀. Bàbá mi pẹ̀lú wò ó. Ó ní bóyá kọ̀ǹpútà náà kò fẹ́ràn àgbàlagbà. Ó ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún díẹ̀, ilẹ̀ ọ̀la sì ti ń mọ́ bọ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó gun kẹ̀kẹ́ wá láti Fadikpe. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi ní Hausa, bàbá mi dá a lóhùn ní Hausa tó já gaara, mo wá rántí pé ó gbọ́ ọ dáadáa ní gbogbo ọdún tí mo fi ń dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi kò wo ọ̀rọ̀ náà lójú rárá. Lábẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rẹ́ mi sì ní kí ó to àwọn nọ́ńbà náà síta. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Kọ̀ǹpútà mi máa ń kọ́kọ́ fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà e kó tó fi ti òkè lé e. Fóònù bàbá mi máa ń kọ́kọ́ fi ti òkè, kó tó fi ti ìsàlẹ̀. Ó dà bí ẹni méjì tó ń múra. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù kó tó dé fìlà, èkejì dé fìlà kó tó wọ ẹ̀wù. Nígbà tí wọ́n bá jáde síta, ìmúra kan náà ni ojú rí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò dúró síta, inú yàrá ló wà tó ń wo bí wọ́n ṣe ń múra.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A fi ìlà kan síwájú gbogbo rẹ́jẹ̀sì wa, tó ń tún gbogbo àmì tò ní ìlànà kan náà kí ṣíṣà tó bẹ̀rẹ̀. A tún kó ọ̀rọ̀ bàbá mi sínú rẹ̀, ó gba gbogbo rẹ̀. Bàbá mi bọ́ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí Màmá bu oúnjẹ fún àlejò.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ wa kò jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀. Ó tọ́ka sí ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá wá ṣàlàyé. Mo rò pé a ti gbé. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ní dò, re, mí. Ó pe kọ̀, kọ, kọ́ tẹ̀lé e, ó sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi han gbogbo kíláàsì ìdí tí àmì fi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ́jẹ̀sì. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kò mọ bí a ṣe ń fi àmì sí lẹ́tà, ló bá tẹ ko lásán. Kọ̀ǹpútà dúró, ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, "Ko èwo?" Ó béèrè ohun tó ń wí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí gbogbo kíláàsì fi bá a rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wá gbógun tì wá. Ó ní kí n tẹ títí, kí n wá tẹ títílọ, láti mọ̀ bóyá a máa gé èkejì sí méjì. A kò gé e. Ó ní kí n tẹ bí, kí n tẹ ìlà òfo, kí n tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ìlà kẹta. Kọ̀ǹpútà gbà á ní ẹyọ kan. Olùkọ́ wá gba kọ̀ǹpútà, ó tẹ 5iṣu. Ohun tí a kò ronú kàn nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ṣà á sí nọ́ńbà kan, 5, àti orúkọ kan, iṣu, kò bínú, kò béèrè nǹkan kan. Olùkọ́ ní ṣé bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá, sà. Olùkọ́ ní ó dára bí a ṣe sọ òótọ́, ó sì gé wa ní máàkì díẹ̀. Èyí tó kù tó wa.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi wà níta lábẹ́ igi dogonyaro, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ṣe bí olùkọ́, mo ṣe bí ọ̀rẹ́ mi tó ń pe dò re mí, mo ṣe bí ojú wa ṣe rí nígbà tí 5iṣu dé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní olùkọ́ yẹn gbọ́n, pé iṣu márùn-ún kọ́ ni 5iṣu, pé àwa la jẹ gbèsè àlàfo.

Màmá ló gbé orí sókè kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Ṣé ẹ kíyè sí ọmọ yìí? Yorùbá ló fi sọ gbogbo rẹ̀."

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n mi lọ́ pọ̀. Mo fẹ́ fèsì, Hausa ló jáde. Bàbá mi ní kí Màmá fi mí sílẹ̀, pé kò yẹ kí ó jí ẹni tó ń sùn dáadáa.

A kò fi èdè náà sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di ọdún tí a máa jáde, a kọ́ ìyókù rẹ̀ lé e lórí, kí ó má kàn máa ṣa ọ̀rọ̀ nìkan, kí ó máa ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ wí. Bàbá mi ní kí a fi dúró kún àwọn àṣẹ, pé òun kò rí ohun tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà dúró bí ó bá ti sáré dé ibi tó yẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan la parí rẹ̀, lórí tábìlì ìjẹun ilé wa. Bàbá mi jókòó, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ìlà mẹ́fà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kí ará ilé títí yóò fi kí wọn tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó dúró. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kí bàbá, ó kí màmá, ó kí èmi, ó kí àlejò, ó dúró.

Bàbá mi wò ó bóyá yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó bọ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, ó bọ èmi náà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ àlejò lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Shango, òun fẹ́ lọ sọ fún Màmá ní ṣọ́ọ̀bù.